Ṣéènì tuntun ń fò bí mo bá ń gun òkè: kí ni kí n pààrọ̀, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ọmọ Parakin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀ ni mo ń gùn láti Parakin, nílùú Ifẹ̀ níbí, lọ sí ọgbà Yunifásítì. Táyà 26 ni. Àwo mẹ́ta ló wà níwájú (42, 34, 24 ni wọ́n kọ sí wọn lára), méje ló wà lẹ́yìn. Ṣéènì àtijọ́ já, mo fi tuntun sí i. Láti ìgbà náà, bí mo bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ lórí àwo méjì tó kéré jù lẹ́yìn, á dún gbàù, ẹsẹ̀ á sì yọ̀ wálẹ̀. Lórí àwọn àwo ńlá ẹ̀yìn, kò sí wàhálà. Bọ̀ọ́dà tó ń bá mi tún un ṣe ní kí n mú owó gbogbo ẹ̀ wá: àwo iwájú, àwo ẹ̀yìn, apá gíà tó ń gbé ṣéènì kiri, ọwọ́ gíà tó wà lókè. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni kí n rà gan-an, kí sì ni kí n máa béèrè bí mo bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á?

Sípánà Lágeré

Àwo ẹ̀yìn ló jẹ. Apá gíà kọ́, ọwọ́ gíà kọ́. Wo eyín àwọn àwo kékeré yẹn dáadáa, wàá rí i pé wọ́n ti mú ṣóṣóró. Pààrọ̀ àwo ẹ̀yìn nìkan, kí o gùn ún wò ná. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà

Ibi tí Sípánà fọwọ́ sí náà ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ ìdí ẹ̀, torí ìdí yẹn ló máa jẹ́ kí àbúrò wa mọ ohun tó yẹ kó wọ̀n kó tó náwó.

Láti àárín píìnì kan dé àárín èkejì lára ṣéènì kẹ̀kẹ́, ìdajì ínǹṣì ni, ìyẹn mílímítà 12.7. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́, píìnì àti ihò tó ń yí nínú ẹ̀ á máa jẹ ara wọn, ojú kọ̀ọ̀kan á fi bíńtín gùn sí i. Àwọn èèyàn ń sọ pé ṣéènì ti fà. Irin ò fà o, jíjẹ ló jẹ. Àwo tó ń bá irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ á jẹ tẹ̀lé e: àlàfo àárín eyín á fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan eyín á kọ́ bí èékánná àṣá. Àwọn méjèèjì á ti mọ ara wọn lára, wọn ò ní fò. Gbé ṣéènì tuntun lé e báyìí, tí ojú ẹ̀ ṣì pé ìdajì ínǹṣì géérégé, kò ní lè jókòó sí ìdí eyín. Eyín kan tàbí méjì ló máa gbé gbogbo agbára ẹsẹ̀ rẹ, rólà (irin roboto tó ń yí lára píìnì) á gun eyín náà dé orí, á sì ré kọjá. Lórí àwo eyín 14, nǹkan bí eyín méje ni ṣéènì ń dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí àwo 28, ó tó 14. Ìdí nìyẹn tí àwo kékeré fi máa ń kọ́kọ́ fò, yàtọ̀ sí pé òun la máa ń lò jù ní ilẹ̀ títẹ́jú.

Bí o kò bá tíì da ṣéènì àtijọ́ nù, wọ̀n ọ́n. Rúlà irin ni kí o lò, má lo tépù télọ̀. Fa ṣéènì gbọọrọ, gbé òdo rúlà sí àárín píìnì kan, kí o wá ka ojú 24. Àárín píìnì tó kẹ́yìn yẹ kó bọ́ sórí ínǹṣì 12 gan-an. Bó bá fi 1/16 ínǹṣì kọjá, ṣéènì nìkan ló kú, àwo ẹ̀yìn sábà máa ń ṣì dára. Bó bá ti fi 1/8 kọjá, àwo ẹ̀yìn ti bá a lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kí o yẹ àwo iwájú náà wò.

Lórí ọ̀rọ̀ eyín ṣóṣóró, Sípánà, ojú lásán máa ń tan èèyàn. Àwọn àwo tòde òní, ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló mọ̀ọ́mọ̀ gé eyín kan kúrú, tí wọ́n lọ́ òmíràn díẹ̀, kí ṣéènì lè tètè gùn láti àwo kan sí èkejì. Àìmọye àwo tuntun ni wọ́n ti tìtorí ẹ̀ jù nù pé ó ti jẹ. Rúlà ni kó o gbọ́kàn lé.

Dàda Modákẹ́kẹ́

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yìí náwó òfo. Kó máa gùn ún bẹ́ẹ̀, kó yẹra fún àwo kékeré méjèèjì yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ṣéènì tuntun náà á jẹ, á bá àwo mu, kò ní fò mọ́.

Sípánà Lágeré

Dàda, owó ṣéènì lẹ fẹ́ kó sun yẹn. Ṣéènì tuntun tó bá jẹ débi pé ó bá àwo jíjẹ mu, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó bá wá ra àwo tuntun, á tún ra ṣéènì lé e. Ẹ tún rántí pé kì í sọ fún èèyàn kó tó fò. Ìgbà tó bá dìde dúró lórí pẹ́dàlì, tí gbogbo ara ẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ kan, ìgbà yẹn ló máa ré, àyà á lọ bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, táyà iwájú á sì yà. Lójú títì Ìbàdàn, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn? Rárá o.

Ìyá Kẹ́mi Sábó

Ọ̀nà kẹta wà tí ẹ ò mẹ́nu bà. Bó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ni ṣéènì àtijọ́ ti já, kó yọ ojú méjì kúrò níbẹ̀, kó so ó padà, kó gbé e lé àwo àtijọ́. Àwọn méjèèjì ti jọ jẹ, wọn ò ní fò. Kó di ṣéènì tuntun sínú ọ̀rá, kó gbé e pa mọ́ títí owó àwo ẹ̀yìn á fi pé. Nǹkan kan ṣoṣo ni pé ṣéènì á kúrú ní ínǹṣì kan, nítorí náà kó má gbé e sórí àwo ńlá iwájú pẹ̀lú àwo ńlá ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kó má baà fa apá gíà ya.

Àbúrò mi, kó o tó wá sí ọjà, mọ irú ẹ̀yìn tó o ní. “Àwo ẹ̀yìn” tí gbogbo yín ń pè é, oríṣi méjì ni, ìkan ò sì lè rọ́pò èkejì. Ọ̀kan ni fíríwíìlì: gbogbo àwo àti ẹ̀rọ tó ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ wà lára ara wọn, wọ́n sì fi tẹ́ẹ̀dì dè é mọ́ họ́ọ̀bù, irin àárín táyà tí súpókù so mọ́. Èkejì ni kásẹ́ẹ̀tì: àwo lásán ni, wọ́n máa ń fi í wọ ara irin oníkẹ́ẹ́kẹ̀ẹ́ tó ti wà lára họ́ọ̀bù, nọ́ọ̀tù kan ló dè é lórí. Yọ táyà ẹ̀yìn, wo ihò àárín àwo kékeré, ibi tí túlù máa ń wọ̀. Fi ọwọ́ kan di táyà mú, yí àwọn àwo sẹ́yìn. Bí ibi tí túlù ń wọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ tí àwo nìkan ń yí, fíríwíìlì ni. Bó bá ń bá àwo yí, kásẹ́ẹ̀tì ni. Ka iye àwo, ka eyín àwo tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù, kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá wá pé “ẹ fún mi ní ti kẹ̀kẹ́ tòkúnbọ̀”, ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀ náà ni wọ́n máa fún un.

Ọmọ Parakin

Ẹ ṣé gan-an ni, mà. Mo ti yọ ọ́ wò. Ibi túlù dúró jẹ́ẹ́, fíríwíìlì ni. Eyín 14 sí 28. Ṣéènì àtijọ́ fi 1/8 kọjá ínǹṣì 12, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ibì kan tí mo béèrè, wọ́n ní 14 sí 28 ò sí, àmọ́ àwọn ní 14 sí 34 oníméje, àti 14 sí 28 oníméfà. Èwo ló sàn nínú méjèèjì? Ọ̀nà wo sì ni wọ́n ń gbà yọ fíríwíìlì yìí? Bọ̀ọ́dà mi ti gbé òòlù àti ìrẹ́-irin jáde.

Sípánà Lágeré

Gba kẹ̀kẹ́ rẹ lọ́wọ́ ẹ̀ kíákíá!

Ìrẹ́-irin ni wọ́n fi ń fọ́ ara họ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ àwọn họ́ọ̀bù wọ̀nyí, alumíníọ́mù ni wọ́n. Túlù ẹ̀ wà, kò sì wọ́n. Wo inú ihò yẹn: bí ìlà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ 12 bá yí i ká, túlù Shimano ni, TL-FW30 ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀, ti Park Tool ni FR-1.3. Bó bá jẹ́ ihò méjì tàbí mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀, irú mìíràn ni. Má fi èyí tí kò bá a mu tẹ̀ ẹ́, á jẹ ihò náà.

Yọ nọ́ọ̀tù ọ̀pá táyà. Ti túlù wọlé títí á fi dé ìdí. Dá nọ́ọ̀tù padà lé túlù lórí, fọwọ́ dè é kó má yọ̀ jáde, má fi sípánà fún un pa. Fáìsì, irin tí wọ́n fi ń di nǹkan mú lórí tábìlì, ló kù, kò sì sí wẹ́dà tí kò ní in. Di túlù mọ́ fáìsì kí táyà dùbúlẹ̀ lókè, di táyà mú ní ìhà méjèèjì bí ìgbà tí o di ọwọ́ mọ́tò mú, yí i sí ọwọ́ òsì. Bó bá le, wọ́n òróró síbẹ̀, jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Gbàrà tó bá ti mì, dúró, tú nọ́ọ̀tù yẹn kúrò kó o tó máa tú u lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá fa ọ̀pá táyà tẹ̀.

Bí o bá fẹ́ de tuntun, fi gírísì sí tẹ́ẹ̀dì, fọwọ́ lásán bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bó bá ń gún ẹ lọ́wọ́ láti ìyípo kìíní, ó ń wọ́ lọ́nà òdì nìyẹn, tú u, tún un gbé. Kò nílò kó o fún un pa. Ẹsẹ̀ rẹ ló máa fún un bó o bá ń gùn. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le láti yọ.

Dàda Modákẹ́kẹ́

Bí ibi túlù bá ti jẹ tán ńkọ́? Wẹ́dà á kàn jó irin mọ́ ọn, á fi sípánà tú u.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà

Iná wẹ́dà yẹn lè ba alumíníọ́mù tó wà lábẹ́ ẹ̀ jẹ́, ó sì lè jó gírísì inú họ́ọ̀bù gbẹ. Fíríwíìlì ṣeé tú sí wẹ́wẹ́. Wo ojú ẹ̀ lókè, ihò kéékèèké méjì wà lórí òrùka kan. Òrùka yẹn, tẹ́ẹ̀dì òdì ló ní, nítorí náà sí ọwọ́ ọ̀tún lo máa yí i kó lè tú. Gbé píìnì irin sí ihò náà, fi òòlù kékeré gbá a díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ aṣọ sílẹ̀ o, torí bọ́ọ̀lù bẹ́árììn wẹ́wẹ́ ló máa dà wálẹ̀. Àwọn àwo á jáde lódindi, ara inú nìkan ló máa kù sí họ́ọ̀bù. Òun ni wàá fi fáìsì dì mú, wàá yí táyà sí òsì. Fíríwíìlì yẹn ti kú o, àmọ́ họ́ọ̀bù yè.

Lórí 14–34 àti 14–28: ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Táyà 26 tó fẹ̀ dáadáa, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó rin nǹkan bíi mítà 2.07. Àwo iwájú 24 pẹ̀lú àwo ẹ̀yìn 28, ẹsẹ̀ kan tó yí po á gbé e rin mítà 1.77. Pẹ̀lú 34, mítà 1.46 ni. Kò sí òkè kan ní ọ̀nà tó ń gbà lọ sí ọgbà Yunifásítì tí 24 sí 28 ò ní gun, àfi bó bá ru ẹrù. Ìṣòro 14–34 ni bí wọ́n ṣe to eyín ẹ̀: 14, 16, 18, 20, 22, 24, lẹ́yìn náà ó fò lọ sí 34. Láti 24 sí 34, ẹsẹ̀ á dédé ṣófo, èèyàn á fẹ́ subú. Apá gíà rẹ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gba 34. Irú Tourney ti Shimano tó gùn nísàlẹ̀ gbà á, àwọn kúkúrú kan ò kọjá 28. Ṣéènì tó o ti gé fún 28 á sì kúrú, torí eyín mẹ́fà tó lé yẹn ń béèrè ínǹṣì kan àtààbọ̀, èyí tó túmọ̀ sí ínǹṣì méjì, torí ojú méjì-méjì la ń so.

Ìyá Kẹ́mi Sábó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ò ru ẹrù lẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé páànù gàrí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tó ń ti ọjà Sábó bọ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ 34 yẹn. Fífò tẹ́ ẹ ń sọ, èèyàn kì í dé orí ẹ̀ àfi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, kò sì ní bìkítà nígbà yẹn. Àmọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé báàgì lásán, mo gbà pẹ̀lú yín.

Dàda Modákẹ́kẹ́

Kó ra oníméfà 14 sí 28 yẹn kó sinmi. Tẹ́ẹ̀dì kan náà ni, á wọ họ́ọ̀bù ẹ̀ géérégé.

Sípánà Lágeré

Tẹ́ẹ̀dì kan náà ni lóòótọ́, ínǹṣì 1.37, ìlà 24 nínú ínǹṣì kan, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ gíà ńkọ́? Bí ọwọ́ gíà ẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń dún kẹ̀ ní ipò méje, mílímítà 5 ló fi ń gbé ṣéènì láti àwo dé àwo. Ti oníméfà Shimano, mílímítà 5.5 ni àárín wọn. Bó bá tún àwo kìíní ṣe, tó bá fi máa dé ìkẹrin, ṣéènì ti wà láàárín àwo méjì, ó ń ha, ó ń fò. Á sì tún padà wá síbí pé fíríwíìlì tuntun ń fò. Àyàfi bí ọwọ́ gíà ẹ̀ bá jẹ́ ti àtijọ́ tó kàn ń lọ́ láìdún, ìyẹn bá ohunkóhun ṣiṣẹ́. Kó dúró de oníméje 14–28, tàbí kó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn.

Baba Àwẹ̀ró

Gbogbo aáyan yìí lórí ṣéènì ẹlẹgẹ́. Ẹ lọ ra ṣéènì ọ̀kadà, ẹ gé e mọ́ ọn. Ìdajì ínǹṣì kan náà ni, kò sì ní já láyé.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Baba. Ìdajì ínǹṣì náà ni lóòótọ́, 428 tó wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà, mílímítà 12.7 ni láti píìnì dé píìnì. Inú ẹ̀ ló fẹ̀ jù: ó ń lọ sí mílímítà 8, nígbà tí ṣéènì kẹ̀kẹ́ onígíà jẹ́ 2.4. Àwo kẹ̀kẹ́ á kàn máa jó nínú ẹ̀ ni. Rólà ẹ̀ náà nípọn ju ìdí eyín kẹ̀kẹ́ lọ, kò ní jókòó. Kò lè gba inú apá gíà kọjá rárá, á sì máa ha àwo kejì. Kódà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà, ṣéènì 1/8 ni a ń wá, ìyẹn mílímítà 3.2.

Ọ̀dọ́ Òkè-Ọmíru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já sí ọ̀rọ̀ onígíà. Iléṣà ni mo wà, kẹ̀kẹ́ Raleigh àtijọ́ onítáyà 28 ni, kò ní gíà kankan. Iwájú 46, ẹ̀yìn 18. Gígun òkè ibí yìí ń pa ẹsẹ̀. Ṣé mo lè fi fíríwíìlì tó tóbi jù sí i? Apá pẹ́dàlì òsì náà ń mì, wọ́n ní kọ́tà, irin tó de apá pẹ́dàlì mọ́ ọ̀pá àárín, ló jẹ.

Baba Àwẹ̀ró

Èyí ni mo mọ̀ dáadáa. 46 lórí 18, iwájú yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn yí ní 2.56. Ra fíríwíìlì eyín 20, á wálẹ̀ sí 2.3. Eyín 22, á di 2.09. Fún Iléṣà, 22 ni kó o rà. Ní ilẹ̀ títẹ́jú ẹsẹ̀ rẹ á máa yí kíákíá díẹ̀, ó sàn ju kó o máa tì í lọ. Kó o rí i dájú pé wọ́n kọ 1/8 sí i lára. Eyín mẹ́rin tó lé yẹn á gba ínǹṣì kan nínú ṣéènì. Bí táyà bá ṣì ní àyè láti sún síwájú, sún un. Bí kò bá sí, fi ojú méjì kún un. Àmọ́ bí ṣéènì bá ti pẹ́, má so ojú tuntun mọ́ ọn, ra òmíràn. Bó o bá de táyà tán, fi ìka gbé àárín ṣéènì lókè sódò: ìdajì ínǹṣì ni kó máa jó. Yí pẹ́dàlì kó o yẹ̀ ẹ́ wò ní ibi mẹ́rin, torí àwo iwájú àtijọ́ kì í sábà wà ní àárín gbùngbùn. Ibi tó ti le jù ni kó o fi ṣe ìwọ̀n.

Ojú-ìdè oníkílíìpù tó wà lára ṣéènì bẹ́ẹ̀, ẹnu kílíìpù tó là, ẹ̀yìn ni kó kọjú sí. Orí ẹ̀ tó dì ni kó máa ṣíwájú níbi tí ṣéènì ń lọ. Bí o bá yí i padà, ohunkóhun tó bá kọ lù ú lójú ọ̀nà lè ṣí i.

Kọ́tà: má fi nọ́ọ̀tù fà á wọlé. Nọ́ọ̀tù kàn ń dì í mú ni, tẹ́ẹ̀dì ẹ̀ á ya. Òòlù ló ń wọ̀ ọ́. Gbé páìpù irin sábẹ́ kíránkì (apá pẹ́dàlì) kó fẹsẹ̀ lé ilẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́árììn inú ló máa gba gbogbo ìlù náà. Gbá a, de nọ́ọ̀tù, gùn ún díẹ̀, tún gbá a, tún de é. Kọ́tà méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síra wọn lódìkejì, ìyẹn ni pé bí nọ́ọ̀tù ọ̀tún bá wà lókè, ti òsì á wà nísàlẹ̀. Bí o bá kọ wọ́n sí ìhà kan náà, pẹ́dàlì méjèèjì ò ní tọ́.

Ìyá Kẹ́mi Sábó

Kó mú kọ́tà àtijọ́ dání bó bá ń lọ rà á. Ti Raleigh, mílímítà 9.5 ni. Èyí tó pọ̀ lọ́jà lára ti China jẹ́ 9, á wọlé, á sì máa mì. Òmíràn tún wà tí irin ẹ̀ rọ̀, bó o bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì ó ti tẹ̀. Bí ojú pẹrẹsẹ ẹ̀ bá gbé kọ́tà sókè jù, fáìlì ni wọ́n fi ń há a díẹ̀díẹ̀ títí á fi jókòó.

Ọmọ Parakin

Mo ti rí oníméje 14–28 rà. Ó kù díẹ̀ kí n dè é. Ìbéèrè méjì: àwo iwájú ńkọ́? Òróró wo sì ni kí n máa fi sí ṣéènì? Ní ilé wa, kọ́ńdẹ́ǹmù ọ́ì ló wà nílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà

Àwo iwájú rọrùn láti yẹ̀ wò, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ṣéènì tuntun ló wà lọ́wọ́ rẹ. Ṣéènì àtijọ́ máa parọ́ fún ọ. Gbé e lé àwo 34, torí òun lo máa ń lò jù, fi ìka fa ṣéènì síwájú kúrò lára àwo ní ibi tó jìnnà jù síwájú. Bó bá jáde tó fi hàn ọ́ ju ìdajì eyín lọ, ó ti jẹ. Bí kò bá mì, fi í sílẹ̀. Lára 42-34-24 olówó pọ́ọ́kú, ríbẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kan àwo mọ́ra. O ò lè pààrọ̀ ẹyọ kan, kíránkì ọ̀tún lódindi lo máa rà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o tètè fọwọ́ kàn án.

Sípánà Lágeré

Kọ́ńdẹ́ǹmù ọ́ì? Lẹ́búlẹ́bú irin tó ti jẹ nínú ẹ́ńjìnnì wà nínú ẹ̀. Ohun tó ń jẹ ṣéènì lo fẹ́ fi pa á lára yẹn. Ẹ́ńjìnnì ọ́ì tuntun, SAE 40, ni kó o lò.

Ìyá Kẹ́mi Sábó

SAE 40 nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí eruku pupa bo gbogbo ojú ọ̀nà? Á di ẹrẹ̀ dúdú lára ṣéènì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Òróró maṣíìnì télọ̀ ló dára nígbà yẹn, ó ṣàn, ó ń wọ inú píìnì. Ìgbà òjò ni SAE 40 wúlò, torí òjò kan péré á ti fọ òróró télọ̀ lọ.

Sípánà Lágeré

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń lò ó ló ń fa ẹrẹ̀, Ìyá. Inú rólà ni òróró ń lọ, kì í ṣe ara ṣéènì lóde. Ẹ̀kán kan sí rólà kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn ní ìyípo ogún, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá fi àkísà gbígbẹ nu gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ títí ọwọ́ ò fi ní dúdú mọ́. Ohun tó kù lóde ló ń mú eruku. Bó bá ti dọ̀tí, karosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó wọ́n òróró. Ṣéènì tuntun, ẹ má fi pẹtiróòlù fọ gírísì tó bá ilé-iṣẹ́ wá. Kò sí èyí tó dára tó o nínú gbogbo ohun tí a lè fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ nu òde ẹ̀ nìkan.

Ìyá Kẹ́mi Sábó

Mo gbọ́. Òróró télọ̀ náà ni mo ṣì máa tà fún un nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀ṣà

Kó o tó so ṣéènì, wọn gígùn ẹ̀. Má gba inú apá gíà kọjá: yí i ká àwo ńlá iwájú àti àwo ńlá ẹ̀yìn, ibi tó bá ti pàdé, fi ojú méjì kún un. Ṣéènì tí wọ́n kọ 6/7/8 sí páálí ẹ̀ ni tìrẹ, ½ × 3/32. Bó bá ní ojú-ìdè tí wọ́n ń fọwọ́ so, lò ó. Bó bá jẹ́ Shimano tó bá píìnì pàtàkì wá, píìnì yẹn nìkan ni kó o fi so ó, má ti píìnì tó o ti yọ padà. Ihò ẹ̀ ti fẹ̀ nígbà tó jáde, ibẹ̀ ló sì máa já.

Lẹ́yìn èyí, apá gíà. Súkúrú méjì wà lára ẹ̀, H fún àwo kékeré, L fún àwo ńlá. Jẹ́ kí wáyà dẹ̀, gbé ṣéènì sórí àwo 14. Fi H tò ó títí wíìlì kékeré òkè á fi wà lábẹ́ àwo 14 gan-an. Ìgbà náà ni kó o tó fa wáyà le, kí o dè é. Fi ọwọ́ tì í lọ sí àwo 28, fi L dá a dúró kó má baà kó sínú súpókù. Bó bá ń lọ́ra láti gun àwo ńlá, yí bárẹ́ẹ̀lì wáyà (èyí tó ń yí níbi tí wáyà ti wọ apá gíà) sí òsì ní ìdá mẹ́rin ìyípo. Bó bá ń lọ́ra láti sọ̀ kalẹ̀, sí ọ̀tún.

Ọmọ Parakin

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Kò fò mọ́ lórí àwo kankan. Nǹkan kan ló kù: bí mo ṣe to H àti L dáadáa, lórí àwo 18 àti 20 ó ṣì ń ha díẹ̀. Bí mo bá wo apá gíà láti ẹ̀yìn, ó dà bíi pé ẹsẹ̀ ẹ̀ yà sínú.

Sípánà Lágeré

Irin tó gbé e dúró ló ti tẹ̀, ó ti ṣubú sí apá ọ̀tún rí. Fi mágínẹ́ẹ̀tì wo férémù. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni: yọ apá gíà, fi sípánà títóbi dì í mú, fà á jáde díẹ̀díẹ̀ títí á fi tọ́ pẹ̀lú táyà. Bí mágínẹ́ẹ̀tì ò bá lẹ̀, alumíníọ́mù ni, má tẹ̀ ẹ́. Wò bóyá súkúrú kékeré kan tàbí méjì ló dè é mọ́ férémù. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹyọ yẹn nìkan ló máa pààrọ̀. Mú èyí tó tẹ̀ dání lọ sọ́jà, torí ti férémù kan kì í bá ti èkejì mu.

Ìyá Kẹ́mi Sábó

Kó gbé e lé páálí kó fi bírò ya àwòrán ẹ̀, ihò àti gbogbo ẹ̀, kó fi ránṣẹ́. Ó lè jẹ́ Èkó ni wọ́n ti máa rí i.